Bí a ṣe ń ka àwọn tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn parí láti ọdún dé ọdún

Ẹ bi ẹgbẹ́ tó ń rìnrìn ẹsẹ̀ léèrè pé èèyàn mélòó ló ti rin ọ̀nà wọn parí, kíá ni wọ́n á dá nọ́ńbà kan lé yín lọ́wọ́. Ẹ wá bi wọ́n pé mélòó ló gbéra. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ká mú ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo tó fẹ́ máa rìn lọ́dọọdún láti Ọláìyá, gba Ẹdẹ àti Sẹ̀kọ̀nà, dé Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é kí nọ́ńbà wọn lè dúró rèé.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí ẹ máa pè ní ẹni tó parí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500 láti Georgia dé Maine, gbà pé ẹni tó rìn ín tán láàárín oṣù 12 ti parí, ẹni tó sì ń gé e rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá náà ti parí. Ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò bínú sí i. Bí omíyalé tàbí iná igbó bá lé e gba ọ̀nà mìíràn, kò já. Ní Santiago ní Sípéènì ẹ̀wẹ̀, ìlú tí ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn parí sí, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin kìlómítà 100 péré ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ gbé iye àwọn méjèèjì síra wọn. Ti Òṣogbo lè rí báyìí: “Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan Ọláìyá, Ẹdẹ, Sẹ̀kọ̀nà àti Ifẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí kò wọ ọkọ̀ rárá.” Ẹ fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí omi bá bo ojú ọ̀nà kún un, torí ẹ̀yìn ìjà ni wọ́n sábà máa ń rántí rẹ̀.

Ó kan ìwé àwọn tó gbéra. Ẹ la ìwé ńlá sí òpó mẹ́jọ: nọ́ńbà, orúkọ ní kíkún, ọdún ìbí, fóònù, aago tó gbéra, aago tó dé ibùdó kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti jáwọ́, àti ìdí. Àárọ̀ ọjọ́ ìrìn gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Bí 80 bá sanwó, tí 64 yọjú, tí 40 sì parí, ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí. Ẹni tó bá fi 80 pín in á sọ pé ìdajì ni, ọ̀nà á wá dà bíi pé ó le ju bó ṣe le lọ. Ní Appalachian Trail, kò pọn dandan kí ẹni tó ń gbéra forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rin tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń parí, ìfojúdá ni.

Ibùdó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, kí ìrísí wọn má jọra. Òǹtẹ̀ máa ń ṣàn bí òjò bá kàn án, nítorí náà ẹ jẹ́ kó gbẹ kí káàdì tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí tó padà sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi bírò kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago yẹn ṣe pàtàkì ju òǹtẹ̀ lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ máa ń rin kìlómítà mẹ́rin sí mẹ́fà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá gbé báàgì lẹ́yìn tó sì ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí, kọ̀rópe ló gbé e.

Ẹni tó parí á fi fọ́tò hàn gbogbo ayé, ẹni tó jáwọ́ á dákẹ́ lọ sílé. Ẹ pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ẹ ò bá rí bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ “a ò mọ̀” síwájú rẹ̀. Ká ní nínú 64 yẹn, 17 jáwọ́, tí a ò sì mọ ti méje: òótọ́ ibẹ̀ wà láàárín ìdá 62.5 àti 73.4. Ẹ tẹ méjèèjì jáde.

Ẹ wá yọ orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ọláwálé ọdún tó kọjá lè di Wálé lọ́dún yìí, obìnrin lè ti lọ́kọ kó yí orúkọ padà. Nọ́ńbà fóònù á yanjú èyí tó pọ̀, àmọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé tó ń lo nọ́ńbà ìyá wọn á di ẹnì kan, ọdún ìbí wọn ò sì ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Orúkọ ní kíkún ló máa gbà yín níbẹ̀. Ẹni tó parí lẹ́ẹ̀mejì, ìparí méjì ni, ènìyàn kan ni. Òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà.

Bí ẹ bá wá gba àwọn tó ń gé e rìn láàyè, ọdún tí wọ́n parí ni kí ẹ kọ wọ́n sí, àmọ́ ẹ má fi iye àwọn tó gbéra lọ́dún náà pín wọn. Ọdún mìíràn ni wọ́n gbéra.

Bí ọdún bá ti pé márùn-ún, ẹ lè ya tábìlì. Ọdún tí ìrìn ò wáyé, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Òdo á fa ìpíndọ́gba sílẹ̀. Ní Santiago, nǹkan bíi 347,000 èèyàn ló gbàwé ẹ̀rí ní 2019, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 54,000 ní 2020 nítorí kòrónà. Ní 2023 ó ti kọjá 440,000. Ẹni tó bá wo 2020 nìkan á ṣe bí ẹni pé èèyàn ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀. Bí iye yín bá kéré, ẹ lo ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, torí mẹ́ta nínú márùn-ún tó di mẹ́rin nínú márùn-ún kì í ṣe ìtẹ̀síwájú, ẹnì kan ló dé.

Àwọn kan á jẹ́ kí ọdún kan tàbí méjì kọjá kí wọ́n tó wá jábọ̀ pé àwọn parí. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kà á sórí tábìlì. Bí iye bá yí padà, ẹ má fi rọ́bà pa ti àtijọ́ rẹ́: ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kọ tuntun àti ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sórí WhatsApp. Nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn ló wà nínú rẹ̀.