Bí a ṣe ń yan Folkboat onígi ká tó rà á

Omi òkun kì í sábà jẹ ọkọ̀ onígi run bíi ti omi òjò. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí igi tètè jẹrà, àmọ́ òjò tó bá jò wọlé tó sì ríbi lúgọ sí, iṣẹ́ ibi ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹwà Folkboat tó kó sí yín lójú. Ọkọ̀ tó ń fi ìgbòkun rìn ni, mítà 7.68 péré ni gígùn rẹ̀, pákó ara rẹ̀ sì gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Tord Sundén ló ya àwòrán rẹ̀ ní Sweden ní 1942.

Bó bá ṣeé ṣe, ọjọ́ òjò ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ẹ wọ yàrá inú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi imú gbọ́ ọ. Bó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí olú ń hù sí, ẹ ṣí pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Ẹ fi òòlù onígi kékeré kan ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Igi tó le máa ń dún kó-kó-kó. Èyí tó ti jẹrà á kàn dún gbù. Níbi tó bá ti dún gbù, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn máa ń kọ mí lóminú.

Ẹ wo egungun ìhà rẹ̀, ìyẹn àwọn igi títẹ̀ tó di pákó mú nínú, níbi tó ti tẹ̀ jù. Ẹyọ kan tàbí méjì tó sán kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ bí wọ́n bá sán tẹ̀ léra wọn, ẹ máa lọ.

Ìsàlẹ̀ lọ́ràn wà. Irin tó tó tọ́ọ̀nù kan ló so mọ́ ìdí ọkọ̀ yìí, àwọn bóòtù (bolt) ló sì dè é mú. Oje kíkan inú igi óòkù (oak) tí bóòtù náà gbà kọjá máa ń jẹ irin láìjẹ́ kéèyàn rí i lókè. Ẹ ní kí wọ́n yọ bóòtù kan síta. Ẹni tó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.

Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ láàárín pákó rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Igi á mu omi, á wú, àlàfo á sì dí. Èyí tó bá ṣì ń jò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ẹ fowó yín gba ayẹ̀wòkọ̀ tí kì í ṣe èèyàn olùtajà. Kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà, ẹ bi olùtajà pé: níbo ni ọkọ̀ náà máa ń sùn lásìkò òtútù? Bó bá jẹ́ abẹ́ tàpólì tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ẹ mú owó jáde.