Kúúbù ọjọ́ keje kì í ṣe ìdájọ́: láàbù, àníyàn àti yíyan iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ ẹnjiníà ní Òṣogbo

Ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó ń ṣe ìwádìí lórí ohun èlò ìkọ́lé sábà máa ń ru ẹrù mẹ́ta pọ̀: èsì láàbù tí kò tíì jáde, iṣẹ́ tí kò tíì rí, àti ìbéèrè àwọn ará ilé. Tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan á máa ti èkejì. Kúúbù (ègé kọnkéré onígun tí a rọ láti fi dán agbára rẹ̀ wò nínú ẹ̀rọ) á fọ́ lábẹ́ agbára tó kéré, ó di "mi ò mọ iṣẹ́ yìí", kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di "ayé mi ti bàjẹ́." Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ la fẹ́ ṣàlàyé. Kọnkéré tí a fi eérú èèpo ìrẹsì rọ́pò díẹ̀ nínú símẹ́ńtì rẹ̀ la mú ṣe àpẹẹrẹ, torí pé èsì rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba èèyàn kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ìṣirò ṣáájú owó

Púpọ̀ nínú ẹ̀rù prójẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù owó ni, ìṣirò ló sì ń pa á. Ká ní o fẹ́ dán 0%, 5%, 10% àti 15% eérú wò, kí o fọ kúúbù mẹ́ta-mẹ́ta ní ọjọ́ 7, 28 àti 56. Kúúbù 36 nìyẹn. Kúúbù 150 mm kan gba 0.003375 m³, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 0.1215 m³. Fi 10% kún un fún èyí tó máa ṣòfò, ó di nǹkan bíi 0.134 m³. Tí o bá wọn 1:2:4 (símẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta) lórí òṣùwọ̀n, tí omi sì jẹ́ 0.55 ìwọ̀n símẹ́ńtì, o nílò bíi 43 kg símẹ́ńtì àti eérú pọ̀, 85 kg iyanrìn, 170 kg òkúta giránáìtì, àti omi lítà 23 sí 24. Eérú inú rẹ̀ kò ju bíi 3.2 kg lọ. Àpò símẹ́ńtì 50 kg kan ṣoṣo tó o. Inú àpò kan náà ni kí o ti bu gbogbo rẹ̀, kí o sì pò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí símẹ́ńtì tó ti fa ọ̀rinrin máa yí èsì rẹ padà.

Èèpo ìrẹsì tí a bá sun máa ń fi bíi ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní eérú. Kó 25 kg èèpo, torí èyí tí asẹ́ máa dá dúró. Sun ún nínú ìléru ní 600 sí 700°C. Tí iná bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, sílíkà inú rẹ̀ á tò di kírísítà, kò sì ní fẹ́ bá símẹ́ńtì ṣiṣẹ́ mọ́. Tí afẹ́fẹ́ kò bá tó, eérú á dúdú. Dúdú yẹn ni èédú tí kò jóná tán: ó máa ń mu omi, àpòpọ̀ á le, ẹni tó ń pò ó á bu omi kún un, agbára kọnkéré á sì wálẹ̀. Eérú tó dára máa ń sún mọ́ funfun tàbí àwọ̀ eérú ààrò. Lọ̀ ọ́, jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ 75 micron, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò: ìlànà ASTM C618 ti Amẹ́ríkà fẹ́ kí àròpọ̀ SiO₂ (sílíkà), Al₂O₃ (àlúmínà) àti Fe₂O₃ (ìpata irin) tó 70%, ó kéré tán. Gba ìléru sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kì í ṣe ọ̀kan, torí iná lè lọ lójijì.

Nígbà tí o bá ń rọ kúúbù, da kọnkéré sínú móólù ní ìpele mẹ́ta, gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 35. Tú u lẹ́yìn wákàtí 24, kọ déètì àti ìdá eérú sára rẹ̀, kí o sì rì í sínú omi tó wà lábẹ́ ibòòji. Dúrọ́ọ̀mù tí oòrùn Òṣogbo ń pa ti di ìdánwò mìíràn.

Ọjọ́ keje

Ibí ni ọkàn ti máa ń já. Kọnkéré lásán máa ń ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ọjọ́ 28 rẹ̀ ní ọjọ́ 7. Eléérú lè lọ́ra jù bẹ́ẹ̀, nítorí sílíkà ń dúró de ẹfun tí símẹ́ńtì máa tú sílẹ̀ bó ṣe ń le. Nítorí náà, tí kúúbù 15% bá rẹlẹ̀ sí 0% lọ́jọ́ 7, kò tíì sọ pé o ṣàṣìṣe. Ìdí tí a fi kọ ọjọ́ 56 sínú ètò náà nìyẹn.

Dípò kí o máa ro ara rẹ, yẹ kúúbù wò. Wọ̀n ọ́n kí o tó fọ́ ọ: ó yẹ kó sún mọ́ 8.1 kg. Èyí tó bá jẹ́ 7.6 kg ní ihò nínú, a ò gún un dáadáa. Ihò 5% péré lè mú bíi 30% agbára lọ. Ojú tí a dán nígbà tí a ń rọ ọ́ kò gbọdọ̀ kọjú sí òkè nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kó kọjú sí. Kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ ẹ́ ní 0.6 N/mm² ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 13.5 kN. Tó bá fọ́ ní 450 kN, pín in fún 22,500 mm², ó jẹ́ 20 N/mm². Tí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá jìnnà gan-an sí àwọn yòókù, wá ìdí rẹ̀ kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀. Má fi èsì ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ lóru ọjọ́ tí o fọ́ ọ. Àárọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n kúúbù kọ̀ọ̀kan.

Ìwé àníyàn

Yan ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́, bíi aago mẹ́fà, lórí àga, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ èrò náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ ohun tó lè dán an wò. "Kúúbù mi ò ní pé 20" ní ìdánwò: ọjọ́ 28. "Ọ̀gá ń bínú sí mi" náà ní tirẹ̀: ìbéèrè kan ṣoṣo tí o máa bi wọ́n. "Mi ò ní ríṣẹ́ láéláé" kò ní ìdánwò kankan, nítorí náà gé e títí yóò fi ní: ilé iṣẹ́ mélòó ni mo kọ̀wé sí lóṣù yìí? Tí èrò bá yọjú lọ́sàn-án, kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú fóònù, kó dúró de aago mẹ́fà.

Ohun tó sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni wíwá ìfọ̀kànbalẹ̀ kiri. O béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan, ó ní kò séwu. Lẹ́yìn wákàtí kan o tún pe ẹlòmíì. Láago méjì òru o ti ń ka èsì àwọn ará Íńdíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtura yẹn kì í pẹ́, ó sì ń kọ́ ọkàn láti máa béèrè sí i. Ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Tí àyà bá ń já, fa èémí sínú títí dé mẹ́rin, tú u jáde títí dé mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Jáwọ́ nínú kọfí àti ohun mímu agbára lẹ́yìn ọ̀sán. Tí oorun kò bá wá láàárín ogún ìṣẹ́jú, dìde, jókòó níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀.

Tí àníyàn bá gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, tí o ò lè sùn, jẹun tàbí ṣiṣẹ́, lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí, tàbí èyí tó wà ní Ifẹ̀. Lọ gbàdúrà, kí o sì lọ rí dókítà. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Tí èrò pé kí o má wà láàyè mọ́ bá wọlé, sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, má dá wà, pe 112.

Ọ̀nà iṣẹ́

Láti Òṣogbo, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ nítòsí. Ìwé síwájú sí i wà: OAU ní Ifẹ̀ ní ẹ̀ka Materials Science and Engineering, FUTA ní Àkúrẹ́ náà sì ní Metallurgical and Materials Engineering. Ilé ìwádìí NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà ní Iléṣà àti Àkúrẹ́. Ọ̀nà kẹta ni àyẹ̀wò ohun èlò níbi ìkọ́lé. Má fi orí nìkan yan. Lọ bá ẹnì kan tó wà lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni kí o kọ ọ́: "Ẹ káàsán sà. Ẹnjiníà kékeré ni mí, mo ń ṣe ìwádìí lórí kọnkéré eléérú. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé mo lè wá wo iṣẹ́ yín fún ọjọ́ kan?" Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, béèrè ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ta ló ń sanwó, àti ibo ni ohun èlò wọn ti ń wá.

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì gan-an fún wa ní ìlú yìí. Ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo ni a kọ́ láti máa fa 210,000 tọ́ọ̀nù irin lọ́dún, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ irin Aládjà ní Ìpínlẹ̀ Delta ló yẹ kí irin tí yóò fà ti máa wá. Nígbà tí irin kò wá déédéé mọ́, ẹ̀rọ tó dára náà kò rí nǹkan fà.

Agùnbánirọ̀ tó bá wà ní láàbù tàbí níbi ìkọ́lé, kó máa kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ìwé yẹn máa wúlò nígbà tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Tètè béèrè transcript, má dúró di ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù máa parí. Ní ti bàbá àti ìyá, ọjọ́ kan pàtó ni kí o fún wọn, dípò "mo ń rò ó": "Ẹ fún mi di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, màá sọ èyí tí mo yàn." Jẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, lẹ́yìn tí kúúbù ọjọ́ 56 bá ti fọ́.