Bí mo ṣe wá áńtẹ́nà fún Ìjàpá bàbá mi

Pánẹ́ẹ̀bítà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti jó gbogbo ibi tó ti dógùn-ún lára Ìjàpá, ìyẹn mọ́tò Volkswagen bàbá mi, tán, ó ń múra àtigbé e fún pẹ́ńtà, ló bá nàka sí ihò kan lápá òsì, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n dí eléyìí pa? Fílà tí a fi ń dí ihò, díẹ̀ ló máa gbà."

Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bàbá mi ra Ìjàpá yìí ní 1977. Oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba tó jẹ́ ọmọ ìhà ibí sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kúrò ní Ìbàdàn. Bàbá mi wà lára wọn. Ọdún 1975 ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, pẹ̀lú páàtì tó ń wá láti Brazil. Ẹ̀yáwó ìjọba ni bàbá fi ra tiwọn. Rédíò Blaupunkt kan wà nínú rẹ̀, áńtẹ́nà onírin dídán kan sì yọ láti inú ihò yẹn, èyí tí èèyàn lè fà gùn kó sì tún tì padà.

Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Ìwé kẹta ni mo wà. Mo fà á dé òpin, mo fi ń ṣe idà bá ẹ̀gbọ́n mi jà, ló bá kán. Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ki rọ́bà bọ ihò yẹn, rédíò ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ tún mọ́tò náà ṣe padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọn ò béèrè ẹ́ńjìnì, wọn ò béèrè ọ̀dà. Wọ́n ní, "Ṣé rédíò á sọ̀rọ̀?"

Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kò ṣòro. Mẹkáníìkì tó dàgbà díẹ̀ lè dì í tojú oorun. Áńtẹ́nà tí mo rò pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo máa fi wá a ló gbà mí ní oṣù méjì àbọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, ọwọ́ òfìfo ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ onípáàtì. Mo ní mo fẹ́ áńtẹ́nà Ìjàpá. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni gbogbo áńtẹ́nà. Rédíò lẹ fẹ́ gbọ́, àbí?" Ó ju ọ̀kan sí mi, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀ náírà. Nígbà tí mo gbé e lé ihò náà ni mo tó rí i pé ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ, torí orí òrùlé mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Ara Ìjàpá kò ní ibi pẹrẹsẹ kankan, gbogbo rẹ̀ ló rí róbótó bí igbá. Ẹ̀gbẹ́ kan fara kan irin, ìka mi wọ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pá náà wá fì sí òde bí ẹni tó ń ti ilé ẹlẹ́mu bọ̀.

Ìkejì, rìwáyà wa, ẹni tó ń bá wa ṣe iná mọ́tò, ló dá a lábàá. Ó ní tòkúnbọ̀ oníná ló dára jù, èyí tó máa ń fúnra rẹ̀ yọ jáde tí wọ́n bá tan rédíò. Ẹ̀tàn gbáà. Ẹ́ńjìnì kékeré tó ń tì í sókè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tóbi bí agolo mílíìkì, àyè tó wà lábẹ́ ihò yẹn kò sì gbà á. Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, irú rédíò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wáyà tó máa sọ fún un pé kó yọ. Mo gbé e jù sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ronú. Mo gbé páálí bíbẹ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà, mo fi bírò yí etí rẹ̀ ká. Mo tún fi wáyà ẹlẹgẹ́ kan wọn bí ara irin náà ṣe tẹ̀ níbẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí náà. Ohun méjì yìí ló máa ń pinnu áńtẹ́nà tó bá mọ́tò mu: bí ihò ṣe fẹ̀ tó, àti bí irin ṣe dagun sí. Gígùn ọ̀pá, ìyẹn kékeré. Láti ọjọ́ náà, páálí ni mo kọ́kọ́ ń nà sí onípáàtì kí n tó la ẹnu. Ọ̀pọ̀ wọn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá a padà fún mi.

Ẹnì kan ló wá sọ fún mi pé bàbá kan wà ní ìlú Oǹdó tó jẹ́ pé Volkswagen nìkan ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, nǹkan bíi wákàtí kan ni. Mo lọ ní Sátidé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fún wọn ní páálí mi. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n yọ awò, wọ́n tún gbé e súnmọ́.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, bàbá."

"O gbọ́n." Wọ́n dìde. "Tẹ̀ lé mi."

Ìjàpá mẹ́ta ló kú sí ẹ̀yìnkùlé wọn, ewéko ti yọ láti inú ọ̀kan. Áńtẹ́nà ìkejì ti kán bíi tèmi, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú ihò. Mo nawọ́ fà á. Bàbá gbá mi lọ́wọ́. "Ohun tí o fẹ́ fà yẹn kọ́ lo ń wá. Abẹ́ ló wà." Wọ́n fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ mú, wọ́n fi sípánà tú nọ́ọ̀tì òkè, wọ́n wá to gbogbo ohun tó jáde sórí àkísà kan fún mi lẹ́sẹẹsẹ. Nọ́ọ̀tì. Ìdè onírin tó gé sí ẹ̀gbẹ́, tí apá kan rẹ̀ ga ju ìkejì, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá dúró ṣánṣán lórí irin tó dagun. Rọ́bà tó ti le bí àgbọn gbígbẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn ni irin kékeré kan bí èékánná akàn, tó ní eyín ṣónṣó ṣónṣó lókè.

"Eyín yìí," bàbá ní, "òun làwọn ọmọ yín máa ń jù nù. Ó gbọdọ̀ bu irin jẹ. Tí kò bá bu irin jẹ, ariwo lẹ máa gbọ́."

Wọ́n ò gbowó ìdí áńtẹ́nà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀ nígbà mìíràn kí n bá wọn mú gúgúrú àti ẹ̀pà wá. Mo ti mú un lọ.

Ọ̀pá ló wá kù. Àbúrò mi tó wà ní Èkó gbé ẹ̀dà páálí mi lọ sí Ládípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ kó tó rí ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ bá ìdí tèmi mu. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Ó fi rán awakọ̀, mo gbà á ní gáréèjì. Ọ̀pá náà dára, ó ń dán, ó ń yọ lọ́nà mẹ́rin. Àmọ́ wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan.

Mo wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí rìwáyà so ó. Nígbà tí mo dé, ó ti parí, inú rẹ̀ ń dùn. A tan rédíò. Positive FM, 102.5, wọlé, torí ìtòsí ni wọ́n wà. (Nọ́ńbà FM rédíò náà parí sí 104, wọ́n kàn bọ́ síbẹ̀ ni.) Kò sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí a wá tan ẹ́ńjìnì, ariwo kan gba inú rédíò, krakrakra, tí mo bá tẹ iná a yá sí i, tí mo bá yọ ẹsẹ̀ a rọlẹ̀. Rìwáyà ní rédíò ló ti darúgbó.

Mi ò bá a jà. Mo gbé mítà tó ń wo bóyá iná ń kọjá láti irin kan sí èkejì. Ó yẹ kí orí ọ̀pá áńtẹ́nà bá abẹ́rẹ́ àárín ẹnu wáyà sọ̀rọ̀: ó ń sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ọ̀pá náà bá irin ìta ẹnu wáyà sọ̀rọ̀: kò sọ ọ́. Ó yẹ kí irin ìta yẹn bá ara mọ́tò sọ̀rọ̀, kí mítà má tilẹ̀ ka òòmù kan. Ṣùgbọ́n wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Àṣírí tú. Mo tú téèpù dúdú tó wé mọ́ ojú oríkèé. Wáyà tẹlifíṣọ̀n ló fi fa èyí tó kúrú gùn, àárín sí àárín nìkan ló lọ́ pọ̀, ó gé irin ìta tó dà bí irun lára rẹ̀ dànù. Ọ̀dà tuntun pẹ́ńtà sì ti bo irin lábẹ́ ihò náà, eyín tí bàbá Oǹdó fún mi kò rí irin bù jẹ.

Ìdajì áńtẹ́nà ni ọ̀pá, ara mọ́tò gan-an ni ìdajì kejì. Tí irin ìta wáyà kò bá kan ara mọ́tò, wáyà yẹn fúnra rẹ̀ á máa gba gbogbo ariwo ẹ́ńjìnì wọlé.

Wáyà tẹlifíṣọ̀n kò dára níbẹ̀ rárá, kódà tí wọ́n bá so ó re. Ẹ la wáyà áńtẹ́nà mọ́tò, ẹ máa rí i pé okùn àárín rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ó kàn wà gbàgẹ̀rẹ̀ nínú ihò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún. Ti tẹlifíṣọ̀n nípọn, wọ́n sì fi rọ́bà dí i pinpin. Lórí mídíọ̀mù wéèfù (AM), ohun tí ọ̀pá kékeré yẹn ń gbà kò tó nǹkan. Ẹ gbé omi ife kan dà sínú ife mìíràn, ó kún. Ẹ dà á sínú agbada, ìsàlẹ̀ lásán ló máa rin. Agbada ni wáyà tẹlifíṣọ̀n.

Ibo ni mo ti wá rí wáyà gidi? Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gé ti tòkúnbọ̀ oníná yẹn, ẹnu rẹ̀ sì bá ihò rédíò mu. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ìdí ọ̀pá, àárín sí àárín, irun sí irun. Mo wá wọ abẹ́ ihò náà pẹ̀lú sáńpépà, mo fá ọ̀dà kúrò ní òrùka kan péré, kò ju ibi tí eyín máa tẹ̀ lọ. Pẹ́ńtà dúró sí orí mi, ó pòṣé tó ìgbà mẹ́ta. Mo fi gírísì díẹ̀ pa á kó má baà dógùn-ún, mo di nọ́ọ̀tì títí mo fi gbọ́ tí eyín náà dún "kẹ́". Ohun tí mítà kà kò tó òòmù kan.

Rọ́bà àtijọ́ kò ṣeé lò. Mo gbé páálí mi lé túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere, mo fi réésà gé méjì, mo to wọ́n léra kí omi má baà gba ihò náà wọlé.

Nínú rédíò àtijọ́, ìdè kékeré kan wà nítòsí ibi tí wáyà áńtẹ́nà ń wọ̀, tí wọ́n máa ń yí lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá pààrọ̀ áńtẹ́nà. Mo dúró di alẹ́, nígbà tí mídíọ̀mù wéèfù ọ̀nà jíjìn máa ń wọlé. Mo fa ọ̀pá dé òpin, mo wá ilé iṣẹ́ kan tí kò lágbára ní ìhà 1400, mo fi sukudiráfà tín-ín-rín yí i díẹ̀díẹ̀. Ohùn tó ń bọ̀ láti ibi jíjìn dìde bí ẹni tó ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Èdè Faransé ni. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún FM, ẹ má fà á tán. Láti mọ gígùn ìgbì FM ní mítà, mo pín 300 sí 98, nọ́ńbà kan láàárín FM, mo mú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì síbẹ̀ lára ọ̀pá.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé bàbá jókòó síwájú, a gba ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí Adaba FM wà. 88.9 mọ́ kedere. A yí padà, a forí lé Ìdànrè. Nígbà tí a wọ àárín àwọn òkè, ohùn Adaba gé, ó padà, ó tún gé. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé òkúta ló dí i. Bàbá ní kí n dákẹ́, ìròyìn ni wọ́n ń gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà òjò ńlá rọ̀. Mo mú tọ́ọ̀ṣì jáde lábẹ́ agbòòrùn, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lápá òsì. Ó gbẹ.