Oko Ilé-Ẹ̀kọ́ Láàárín Ìlú: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ará Ilé

Ìwé pélébé yìí wà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, yálà ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òrò tàbí Òmù-Àrán, àti fún ará ilé tó ní àyè lẹ́yìnkùlé. Lójú tiwa, oko tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ìlú kò gbọdọ̀ gbára lé ohun tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè rí lò nílé. Bí a bá fi katakata àti àpò ajílẹ̀ olówó ńlá nìkan hàn wọ́n, ohun tí wọ́n máa kọ́ ni pé olówó ló ń dáko. Katakata ní àyè tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ oko wà ní Ìdófìàn, kò jìnnà sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n fún bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá (ebè gbọọrọ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí) lẹ́yìn kíláàsì, ọkọ́ àti àdá ti tó.

Ilẹ̀

Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí mẹkáníìkì ti ṣiṣẹ́ tàbí tí wọ́n ti da bátìrì mọ́tò nù, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Òjé, irin olóró inú bátìrì, kì í tán nínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀, èyí tí ewé bá sì ti fà mu, fífọ̀ kò lè mú un kúrò. Bákan náà ni omi gọ́tà, àti omi odò tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn wọ̀, bíi Odò Asa níbi tó ti gba àárín Ìlọrin kọjá: kò yẹ kí ó kan ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ ní tútù. Omi kànga tó mọ́ ló dára.

Kí bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ ní mítà 1, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ kó ilẹ̀ ga. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè dúró. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́.

Ajílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa jẹ́ oníyanrìn, omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀, ooru sì ń tètè jẹ ọ̀rá ilẹ̀ tán. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìlú ń da ohun tó lè tún un ṣe nù: ewé tó rọ ní ọjà Ìpata ní Ìlọrin, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀pà, ìgbẹ́ adìyẹ.

Ẹ wá ibòòji. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ àti pòròpórò àgbàdo tí a gé kéékèèké, ìwọ̀n mẹ́ta. Ẹ kó ohun tútù, bí ewé ọjà àti èèpo iṣu, lé e, ìwọ̀n kan. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sáàárín, kí ẹ sì wọ́n omi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí òkìtì yóò fi ga ní mítà 1, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí òkìtì kékeré kì í gbóná. Ẹ ṣa ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) kúrò. Ẹran àti oúnjẹ olóròóró kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, eku ni yóò pè wá. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ti irin bọ àárín rẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ fọwọ́ kàn án. Bí kò bá gbóná, ó lè jẹ́ pé ó gbẹ jù, tàbí pé ohun tútù inú rẹ̀ kéré. Ẹ máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì; láàárín oṣù 2 sí 3, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbíngbìn: kílò 10 fún bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 10. Kí olùkọ́ fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara wọn rí ìyàtọ̀. Ìyẹ̀fun pákó tútù, ojú ọ̀nà àárín bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ dà á sí. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ilẹ̀, ewé á pọ́n.

Omi ẹ̀ẹ̀rùn

Láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 10 ń fẹ́ bíi lítà 50 lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Ẹ ka kẹ́ẹ̀gì tí kànga yín lè gbé kí ẹ tó ka bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́rin tó ń mu omi yó sàn ju mẹ́wàá tó ń rọ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín ní kùtùkùtù.

Irúgbìn

Ẹ po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ lè máa fà á tà. Ewédú kì í fẹ́ hù. Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù. Ẹ gbin èyí tí a kò rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka iye tó hù ní apá kọ̀ọ̀kan. Tòmátì, ata àti ìgbá, ẹbí kan ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ léra lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹ fi ẹ̀wà sáàárín.

Fún kòkòrò, ẹ gún kílò 1 ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà 5 omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn nírọ̀lẹ́.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ ìsinmi

Èyí ló ń pa oko ilé-ẹ̀kọ́ jù. Ìdánwò á dé, gbogbo wọn á lọ ilé, ẹ̀fọ́ á kú. Ẹ wá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tàbí méjì ní àdúgbò, ẹ bá wọn ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: àwọn ni yóò máa bomi rin ín, àwọn ni yóò sì máa já a tà fún ara wọn títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé. Wọ́n mọ iye tí ìdì kan ń lọ lọ́jà ju ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì lọ, nítorí náà ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ padà. Ewédú tí ẹ bá fi sílẹ̀ kí ó lè so fún irúgbìn, ẹ so àkísà pupa mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà já a.