Bí akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ ṣe lè gbé ní Bologna láìkó sí wàhálà ìwé

Ọdún 1088 ni wọ́n ń kà sí ọdún tí Yunifásítì Bologna ní ilẹ̀ Ítálì bẹ̀rẹ̀. Àárín ìlú àtijọ́ ni àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà títí di òní, ní òpópónà Zamboni àti àyíká rẹ̀, lábẹ́ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí òjò kì í ti í pa èèyàn. Ẹni tó bá wá lo sẹ̀mẹ́sítà kan tàbí méjì níbẹ̀ lábẹ́ ètò Erasmus+, ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹ̀kọ́ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ dà á láàmú, ìwé ni. Ìwé kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Bí ẹ bá fo ọ̀kan, ẹ ó padà wá ṣe é, pẹ̀lú ìlà gígùn.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Físà D ti ẹ̀kọ́, físà ìgbé pípẹ́, ni kí ẹ gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ lè fi físà àbẹ̀wò wọlé kí ẹ sì yí i padà níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ aṣojú Ítálì bá lu òǹtẹ̀ lẹ́tà ìgbàwọlé yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, torí wọn yóò tún bèèrè rẹ̀. Ẹ gbé e sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí tí ọkọ̀ òfurufú lè gbé lọ sí ibòmíràn.

Ètò ìwòsàn nílò ìṣirò díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ìlera ìjọba Ítálì, ó sì ń gba 700 yúrò lọ́dún. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ni wọ́n ń ka ọdún náà, wọn kì í sì í dá a sí méjì. Ẹni tó dé ní oṣù kẹsàn-án tó san 700 yóò rí i pé ó tán ní ìparí oṣù kejìlá. Fún sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo, ìbánigbófò aládàáni tí ìjọba Ítálì fọwọ́ sí fún ìwé ìgbélùú ló dín owó jù.

Iná wọn jẹ́ 230 fóòtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa mu, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ tiwa kì í wọ ihò wọn. Ẹ mú àdápútọ̀ méjì dání.

Ilé

Èyí ló le jù, pàápàá láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Nínú ìpolówó, stanza singola ni yàrá ẹnì kan. Posto letto ni bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá tí ẹ ó jọ pín. Bí wọ́n bá kọ spese escluse, owó iná, omi àti gáàsì kò sí nínú owó ilé, ìgbà òtútù ni ẹ ó sì mọ bó ṣe pọ̀ tó. Àdúgbò Bolognina, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni kí ẹ wò bí àárín ìlú bá wọ́n jù. Àwọn ìsọ̀ tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà náà wà níbẹ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ ilé kì í pààrọ̀ ìtàn wọn: onílé wà lókè òkun, kò lè mú yín wọlé wò, ṣùgbọ́n yóò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ bí owó bá ti wọlé. Kò sí ilé kankan níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan tó wà nílùú lọ fojú rí i, tàbí kí onílé fi fóònù fídíò rìn láti ojú títì, níbi tí orúkọ òpópónà ti hàn, títí wọ inú yàrá.

Òfin sọ pé kí wọ́n forúkọ àdéhùn ilé sílẹ̀ ní Agenzia delle Entrate, ọ́fíìsì owó orí ìjọba, láàárín ọjọ́ 30, owó ìdógò kò sì gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù 3 lọ. Onílé tó bá ní kí ẹ má ṣe ìwé àdéhùn kankan kí owó lè dín, owó orí ló ń sá fún, ẹ̀yin lẹ ó sì wá ìwé tí ẹ ó fi hàn tì. Láàárín wákàtí 48 tí ẹ bá wọlé, ó tún gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí pé òun gba àjèjì sílé. Ẹ gba ẹ̀dà ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́

Láti ọjọ́ tí ẹ dé, ọjọ́ iṣẹ́ 8 péré lẹ ní láti bèèrè fún permesso di soggiorno, ìwé ìgbélùú. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ gba codice fiscale, nọ́ńbà owó orí tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 16, ní Agenzia delle Entrate. Ọ̀fẹ́ ni. Láìsí i, ẹ kò lè fọwọ́ sí àdéhùn ilé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè ṣí àkáǹtì báǹkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ní kántà Sportello Amico, kí ẹ gba àpòòwé fọ́ọ̀mù ìwé ìgbélùú. Ẹ kún Modulo 1 pẹ̀lú bírò dúdú. Ẹ kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù gan-an, torí lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀ tó láti dá ìwé padà. Ẹ ra sítáǹpù ìjọba, marca da bollo, ti 16 yúrò, ní ìsọ̀ tábà tó ní lẹ́tà T ńlá níwájú. Ẹ fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù àti físà, lẹ́tà ìgbàwọlé àti ìwé ìbánigbófò kún un. Ẹ má lẹ àpòòwé náà pa: òṣìṣẹ́ yóò yẹ inú rẹ̀ wò níwájú yín. Owó ìwé tó bá kéré sí ọdún kan jẹ́ 70.46, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ 30. Pẹ̀lú sítáǹpù, 116.46 yúrò ni gbogbo rẹ̀.

Wọn yóò fún yín ní rìsíìtì àti ọjọ́ tí ẹ ó lọ tẹ̀ka ní Questura, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú fọ́tò 4. Ẹ má ṣe pa ọjọ́ yẹn jẹ. Ojúlówó ìwé rìsíìtì ni kí ẹ máa mú rìn; fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù kò tó.

Inú ilé

Mítà ilé púpọ̀ kò ju kílówáàtì 3 lọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, áyọ́ọ̀nù àti ofúùnù lẹ́ẹ̀kan náà, iná á lọ. Ìgbà míì mítà fúnra rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé ló máa ń já, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ibi tó wà àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí kan náà nìyí tí hítà oníná kò fi jẹ́ ìdáhùn sí òtútù. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni òfin gbà kí wọ́n máa tan ohun ìmúlégbóná ní Bologna, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 14 lóòjọ́ lọ. Ẹ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn.

Ìrìn àjò

Tíkẹ́ẹ̀tì onípépà ti ọkọ̀ ojú irin agbègbè, regionale, gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà ní ibùdó kí ẹ tó wọkọ̀. Ti orí fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe check-in. Ẹni tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí kò lu òǹtẹ̀ ń san ìtanràn, ẹ̀bẹ̀ kì í ràn án. Ọkọ̀ ayára ń dé Florence láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, abẹ́ ilẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ wà, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn débẹ̀. Lọ́jọ́ ìyanṣẹ́lódì, sciopero, ẹ ṣì lè rí ọkọ̀ agbègbè láàárín aago 6 sí 9 àárọ̀ àti 6 sí 9 alẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan. Aago ara ògiri ibùdó náà tó dúró sí 10:25 kò bàjẹ́ o: wákàtí tí bọ́ǹbù pa èèyàn 85 níbẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ló ń tọ́ka sí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ẹni tó bá gun ilé ìṣọ́ Asinelli kó tó parí ẹ̀kọ́ kò ní gboyè. Ẹ kò tilẹ̀ lè gùn ún báyìí, wọ́n ti tì í láti ọdún 2023 nítorí Garisenda, ìkejì rẹ̀ tó ń dagun. Ẹ gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ San Luca, ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, gòkè dípò rẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 3.8 ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ibi tí wàhálà ti ń bá àwọn ọmọ Nàìjíríà jù rèé: bí físà D bá ti tán, tó jẹ́ rìsíìtì nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè kúrò ní Ítálì lọ sílé kí ẹ sì padà, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gba Paris, Frankfurt tàbí Amsterdam kọjá, torí orílẹ̀-èdè Schengen mìíràn, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo òfin ẹnubodè kan, ni wọ́n wà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Istanbul, Addis Ababa, Cairo tàbí Doha. Nígbà tí físà ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè rìn ní orílẹ̀-èdè Schengen yòókù fún ọjọ́ 90 nínú 180. Ireland àti Ìlú Ọba kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ gba ìwé tó fi ọjọ́ dídé àti ọjọ́ ìlọ yín hàn ní ọ́fíìsì pàṣípààrọ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ọjọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ìyókù owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ yín, ó sì ṣòro láti gbà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé Èkó.