Swindlehurst: Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú wíwá orírun orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n

Ẹni tó bá ń wá orírun orúkọ tó wọ́pọ̀ bíi Smith nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ńlá ló gùn lé, nítorí náà ó máa ń rọra gbẹ́sẹ̀. Ẹni tí orúkọ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù. Yóò ní, "A kò pọ̀, nítorí náà ìdílé kan ṣoṣo ni wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ ẹ, ẹbí mi ni." Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Swindlehurst ni orúkọ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ Lancashire ni, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn England, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í ṣe ará àríwá pàápàá kì í sábà gbọ́ ọ. Mo yàn án nítorí pé gbogbo àṣìṣe tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ló lè fà wá sí. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá ju bí a ti rò lọ. A ní àwọn ọmọ ní Preston, ní Manchester, ní Leeds, tí bàbá wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Títílayọ̀ tàbí Ayọ̀délé, tí irú orúkọ báyìí sì tẹ̀ lé e. A máa ń ki wọ́n ní oríkì ilé ìyá wọn. Ó yẹ kí wọ́n mọ ti ilé bàbá náà, kí ohun tí wọ́n mọ̀ sì jẹ́ òótọ́.

Má fi bí orúkọ ṣe dún túmọ̀ rẹ̀

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní, kí a "swindle" ènìyàn ni kí a lù ú ní jìbìtì. Ohun tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yìí máa ń sọ nìyẹn: baba ńlá wọn ní láti jẹ́ oníjìbìtì. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i ní 1877, nígbà tí ilé ẹjọ́ ní London dá William Swindlehurst lẹ́bi jìbìtì. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ni, Artizans', Labourers' and General Dwellings Company, àwọn tó kọ́ àdúgbò Queen's Park ní London. Ó rọrùn fún ẹni tó bá ka ìtàn yìí láti rò pé ara orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, láti ara Schwindler, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ẹjọ́ yẹn. Orúkọ ìdílé náà sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Orúkọ ibùgbé ni: Swinglehurst, ní ẹ̀bá Chipping, lábẹ́ àwọn òkè Bowland. "Hurst" ni òkè tí igbó wà lórí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹlẹ́dẹ̀ àti òkè ló wà níbẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn ará England máa ń da ẹlẹ́dẹ̀ wọn wọ inú igbó lọ kí wọ́n lè jẹ èso tó bá já bọ́ sílẹ̀. Hurst kan náà ló wà nínú Stonyhurst, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Àgùdà, tó kó wá sí agbègbè yẹn ní 1794. Òkúta ni ti ìyẹn dípò ẹlẹ́dẹ̀.

Àwa Yorùbá ni àṣìṣe yìí rọrùn fún jù. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a sì gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ orúkọ, ìtumọ̀ ni a kọ́kọ́ ń bèèrè, a sì ń wá ìwà ẹni náà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó yan Swindlehurst fún ọmọ. Àwọn aládùúgbò ló fi mọ ènìyàn kan yàtọ̀ sí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kó wá sí Ìbàdàn ṣe ń di "Bàbá Ọ̀fà" lẹ́nu àwọn ará ilé. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Bàbá Ọ̀fà ní Ọ̀fà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀yìn odi ìlú ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti máa ń mọ́ ènìyàn lára, kì í ṣe nínú ìlú náà fúnra rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi ti William ṣe ẹ̀rí, kí ó padà sí Preston ní nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta ṣáájú. Níbẹ̀ ni Joseph Livesey àti àwọn mẹ́fà mìíràn ti fọwọ́ sí ìwé ní 1832 pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí líle kankan mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó di ohùn ẹgbẹ́ náà ni Thomas Swindlehurst, tí wọ́n fi jẹ "Ọba àwọn ọ̀mùtí tó ti yí padà". Orúkọ kan náà, ọ̀kan di ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀kan gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ọtí.

Má dúró sórí ọ̀nà ìkọ̀wé kan

Swinglehurst, Swindlehurst, Swinglehirst, Swindlehirst. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣe nìyí: èyí tó wà lórí ìwé ìbí òde òní nìkan ni mo ń wá, mo sì ń sọ pé ìdílé náà pòórá ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọn kò pòórá. "G" ló wà níbi tí mo ti ń wá "d".

Láti 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní England máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Àlùfáà tàbí akọ̀wé ló ń kọ ọ́, ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ló sì ń kọ. Àgbẹ̀ tó dúró níwájú rẹ̀ lè má mọ̀wé kọ, kò sì lè sọ fún un pé lẹ́tà kan kù. Wọ́n lè fi orúkọ kan ṣe ìrìbọmi fún ènìyàn, kí wọ́n fi òmíràn sin ín. Ẹni tó bá mọ̀ pé Àgbádárìgì ni òyìnbó kọ tó di Badagry kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí yà á lẹ́nu. Bí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àmì ìràwọ̀ (*) rọ́pò àwọn lẹ́tà àárín, kí ẹ sì rántí pé ẹni tó ṣe àdàkọ ìwé àtijọ́ náà lè ka S sí L tàbí T.

Máàpù òde òní kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Máàpù ibi tí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan wà lónìí dára láti wò, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ ló ń fi hàn. Máàpù tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá ni ti ìkànìyàn ọdún 1881. Wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ kọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì tíì jìnnà sílé nígbà náà. Bí ẹ bá wo Swindlehurst lórí rẹ̀, Lancashire ló kó jọ sí.

Ohun méjì máa ń ṣi àwọn tó ń wo máàpù lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni iye. Ìlú ńlá bíi Manchester tàbí Liverpool lè ní ènìyàn púpọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀. Ẹ wo iye wọn nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Abúlé kékeré tó ní mẹ́wàá lè jẹ́ orísun, kí ìlú tó ní ọgọ́rùn-ún jẹ́ ibi iṣẹ́ lásán. Ní 1890, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Brougham Guppy yanjú ìṣòro yìí lọ́nà tirẹ̀: àwọn àgbẹ̀ nìkan ló kà, nítorí àwọn ni kì í kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an, ó sì ṣì wúlò fún ẹni tó ń ka ìwé ìkànìyàn lónìí. Ẹ wá àwọn tí wọ́n kọ "àgbẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, kí ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n wà.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ààlà. Ṣáájú 1974, Yorkshire ni ìpín tó pọ̀ jù nínú Bowland wà, kì í ṣe Lancashire. Ẹni tó bá ń wá ìwé Slaidburn, abúlé kan ní Bowland, tí kò sì kúrò nínú àwọn ìwé Lancashire, yóò sọ pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òkè kan ṣoṣo ló dá àwọn ìbátan yìí sí méjì.

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, ẹ wá bèèrè ohun tó tú wọn ká. Ti Lancashire, òwú ni. Preston jẹ́ ìlú tí èrò inú rẹ̀ tó bí 12,000 ní 1801. Ní 1851, wọ́n ti tó bí 69,000. Orí òkè bíi ti Bowland ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò tuntun wọ̀nyẹn ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí àwọn ilé iṣẹ́ òwú. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dá òwú ọwọ́ wọn dúró láti 1861 sí 1865, ebi tún lé àwọn mìíràn lọ sí Yorkshire àti sí òkè òkun. Bí ìdílé kan bá sọnù mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín 1861 àti 1871, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lórí ìwé ìkànìyàn fúnra rẹ̀, má fi ti 1841 parí iṣẹ́. Ó sọ bóyá inú káúńtì yẹn ni wọ́n ti bí ènìyàn, kò dárúkọ ìlú. Ti 1851 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ rẹ̀. Má sì fi àkókò ṣòfò lórí ti 1931: iná jó ti England àti Wales ní 1942, ogun kò sì jẹ́ kí wọ́n ka ènìyàn ní 1941. Ìwé orúkọ tí wọ́n kọ ní oṣù kẹsàn-án 1939 ni ẹ máa lò dípò wọn.

Má gbàgbé àwọn Àgùdà

Lancashire ni Ìjọ Àgùdà ti fìdí múlẹ̀ jù ní England lẹ́yìn tí ìjọba ti fi òfin dè é. Àwọn ìdílé àfonífojì Ribble àti Chipping wà lára àwọn tí kò jáwọ́. Àlùfáà wọn máa ń ṣe ìrìbọmi ní ilé, ìwé rẹ̀ sì lè máà sí, nítorí ìwé bẹ́ẹ̀ lè di ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n láti 1754 títí di 1837, òfin sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni gbogbo ènìyàn gbọdọ̀ ti ṣègbéyàwó, àfi àwọn Kúékà (ìjọ Kristẹni kékeré kan) àti àwọn Júù. Bí ẹ bá rí ìgbéyàwó tọkọtaya kan nínú ìwé Áńgílíkà, tí ẹ kò sì rí ìrìbọmi ọmọ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò bímọ. Ẹ lọ wo ìwé àwọn Àgùdà.

Má ra àmì ìdílé

Wọ́n ń tà á ní ọjà àwọn arìnrìn-àjò: àsà, kìnnìún, orúkọ rẹ lábẹ́ rẹ̀. Owó òfò ni. Ní England, orúkọ kì í ní àmì. Ènìyàn ló ń ní in, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀. College of Arms, tó ti wà láti 1484, ló ń bójú tó o.

Má rò pé "a kò pọ̀" àti "baba kan ló bí wa" jẹ́ ọ̀kan náà

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Leicester, Turi King àti Mark Jobling, ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fi kúrómósóómù Y, ohun àjogúnbá inú ara tí ọkùnrin nìkan ń ní, wé orúkọ, nítorí pé bí bàbá ṣe ń fi orúkọ lé ọmọkùnrin lọ́wọ́ náà ló ń fi Y lé e lọ́wọ́. Tí a bá mú ọkùnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó ṣeé ṣe ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kí baba ńlá kan náà ti fi orúkọ yẹn lé wọn lọ́wọ́. Tí orúkọ náà bá ṣọ̀wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50. Attenborough àti Swindlehurst wà lára èyí tó ga jù: ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin tí wọ́n yẹ̀ wò tó ní Y kan náà tàbí èyí tó fara jọ ọ́ gidigidi.

Ìròyìn ayọ̀ ni fún àwọn Swindlehurst. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn tó kù. Ọmọ tí a gbà tọ́, ọmọ tó jẹ́ orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lọ́kọ tó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: gbogbo wọn ni ọmọ onílé. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá yàtọ̀ kò gbọdọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kì í ṣe Swindlehurst.

Àwọn onímọ̀ kan náà tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní 2007. Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ orúkọ kan tó ṣọ̀wọ́n láti ìlà oòrùn Yorkshire ní irú Y kan tó jẹ́ pé lára àwọn ọkùnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìkan ni wọ́n ti rí i rí, lára ènìyàn díẹ̀ sì ni. Wọ́n wá àwọn 18 tó ń jẹ́ orúkọ náà, 7 nínú wọn ló ní in. Ìwé ìdílé wọn lọ sẹ́yìn dé Yorkshire ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹnìkan láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ti wọ inú ìdílé yẹn tipẹ́, orúkọ náà kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Orúkọ pẹ̀lú ti rin ìrìn àjò náà láìsí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Crowther jẹ́ orúkọ tó gbilẹ̀ ní West Yorkshire. Akọrin tó ń ta ohun èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní crowd ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé onígòjé ni. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ọmọ Òṣoògùn ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1825, orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní London, ni ó gbà. Ọmọ ìran bíṣọ́ọ̀bù náà tó bá fẹ́ tọpa Crowther tirẹ̀, ìwé ìrìbọmi Freetown ni kó kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà Òṣoògùn. Kò sí baba ńlá rẹ̀ kankan tó ta crowd ní Halifax, ní West Yorkshire.