Ẹ ṣí páálí yín kí ẹ tó kúrò ní káńtà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bí ẹ bá ra oúnjẹ gbé lọ sílé ní àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i wò lójú ẹni tó tà á. Itan adìyẹ ni mo sanwó fún lánàá. Mo délé, mo tú ọ̀rá: apá adìyẹ kan ló ń wò mí, ó ti gan bí igi, dòdò mẹ́ta sì sùn tì í. Ta ni mo fẹ́ bá jà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó?

Adìyẹ inú gíláàsì oníná yẹn, kí ẹ tó ní kí wọ́n mú un, ẹ bi wọ́n pé, “Èwo lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dín?” Lọ́wọ́ ọ̀sán tí èrò pọ̀, kì í pẹ́ níbẹ̀. Alẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra.

Ẹ ka rìsíìtì pẹ̀lú. VAT, ìyẹn owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ò ju 7.5 nínú 100 lọ láti ọdún 2020, àmọ́ owó páálí àti omi tí ẹ ò bèèrè máa ń yọ́ wọlé síbẹ̀. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn yín bá ń pòṣé, ẹ jẹ́ kó máa pòṣé.